Ṣé mo lè ṣáàjì mọ́tò oníná látorí àjà kẹsàn-án?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tá à ń gbé ti pẹ́ gan-an, ṣé mo lè na wáyà láti fèrèsé wá sílẹ̀ kí n fi máa ṣáàjì mọ́tò mi?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò! Mọ́tò máa ń fa iná fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsinmi, wáyà gígùn bẹ́ẹ̀ á gbóná, rọ́bà ara ẹ̀ á yọ́, ó sì lè dá iná sílẹ̀ nígbà tí gbogbo èèyàn ti sùn. Ohun tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ ṣe ṣájà síbi tẹ́ ẹ̀ ń gbé mọ́tò sí nísàlẹ̀. Ẹ̀yin àtàwọn ará ilé, ẹ jọ pe oníṣẹ́ iná kó wá wo iye iná tó ń ṣẹ́kù nínú ilé lóru, torí ṣájà kan lè fa kìlówáàtì 7. Ẹ̀rọ wà tó ń pín iná láàárín àwọn mọ́tò, tí ilé bá ti ń lo iná púpọ̀ á dín tiwọn kù. Owó iná ló máa ń dájà sílẹ̀ jù, kí mítà kálukú yáa dá wà.