Èsì: Ẹ̀yà tó ń para dà di ẹkùn, tí kò fẹ́ di ènìyàn mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní nínú eré ìtàn àfẹnusọ yín (role-playing game), láti ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣeré ti di ẹkùn ni kò ti padà, òun nìkan ló sì ń ja gbogbo ìjà. Ọ̀nà kan rèé: ẹ gba odidi ẹkùn náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àbùdá kan péré ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ sì dá àkókò fún un.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti shifter, ẹ̀yà tó ń para dà nínú eré Dungeons & Dragons, ẹ̀dà karùn-ún: ìṣẹ́jú 1 péré ni ìparadà rẹ̀, ìyẹn ráùndì ìjà 10. Kì í di ẹranko pátápátá. Irú tí wọ́n ń pè ní Beasthide kàn ń fi 1 kún AC rẹ̀ (nọ́ńbà tó ń sọ bó ṣe ṣòro tó láti kọlù ú), ó sì ń rí ẹ̀mí (hit points) díẹ̀ sí i fúngbà díẹ̀.

Fún tiyín, ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ràn jù: kó ṣì di odidi ẹkùn, àmọ́ kí ohun tí kò lè ṣe wà:

1. Ẹkùn lè gun ògiri, ó sì ń gbọ́ òórùn.
2. Kò lè sọ̀rọ̀, kò sì lè di nǹkan mú.

Ìkejì yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì. Ó gun ògiri dé iwájú yàrá ẹlẹ́wọ̀n, kọ́kọ́rọ́ wà nílẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ ẹkùn kò sì lè yí i. Ṣé kó di ènìyàn níbẹ̀, níhòòhò, kí ẹ̀ṣọ́ tó dé?

Bí eré yín bá kún fún ìjà ni dídá àkókò fi wúlò. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ àti ìwádìí ló pọ̀ jù, ẹni tó lè rí i nígbà tó ń para dà ni kí ẹ fi ṣe ìdènà fún un.

Ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni ní ìyẹ́ láti fò ní ìpele kìíní, níbẹ̀rẹ̀ eré, o. Kòtò àti ògiri yín kò ní já mọ́ nǹkan kan mọ́.