Páálí àti ìwé àtijọ́ kún ilé: ta ni kí n kó o fún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Olùkọ́ ni mí ní Ìsẹ́yìn. Ìwé àwọn ọmọ iléèwé, ìwé ìròyìn àti páálí ti gba igun yàrá kan tán. Kò sẹ́ni tó ń wá kó ìwé ládùúgbò wa. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ká dáná sun ún. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ṣáná sí i, mà. Ẹ kọ́kọ́ ya páálí sọ́tọ̀, òun ló ń mówó wá. Àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ra irin àti ike sábà máa ń mọ ẹni tó ń rà á. Ẹ ṣí sẹ́lótéèpù kúrò lára ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, ẹ gbé e sórí pákó kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà mú un. Òṣùwọ̀n làwa tá à ń ra páálí n'Ìbàdàn fi ń rà á, a ò sì lè fowó ra omi. Ní tèmi, mo máa ń ki ọwọ́ bọ àárín ẹrù ná, torí àwọn kan ń bomi rin páálí kó lè wúwo. Ẹ má sì torí àpò kan ṣoṣo wọkọ̀ wá sí Ìbàdàn o, owó ọkọ̀ á jẹ ẹ́ tán. Kí ẹ̀yin àti àwọn onísọ́ọ̀bù jọ kó o jọ.

Tí páálí bá dé iléeṣẹ́ tó ń sọ ọ́ di tuntun, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á pò ó títí á fi rí bí ògì. Epo kì í bá omi rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í gba èyí tó ti mu epo. Ẹ fa ìwé tó ń dán ya: tí ọ̀rá tín-ínrín bá ń nà lójú ibi tó ti ya, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ fi èékánná ha rìsíìtì; tójú ibẹ̀ bá dúdú, kẹ́míkà ló wà lára ẹ̀, pàǹtírí ni.

Ìwé ọmọ iléèwé àti ìwé ìròyìn ò wúlò fún ọlọ́mọlanke, àmọ́ wọ́n dára fún ajílẹ̀. Ẹ ya á wẹ́wẹ́, garawa méjì sí garawa èèpo ẹ̀fọ́ àti ìgbẹ́ adìyẹ kan. Ẹ wọ́n omi sí i, ẹ máa yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un lọ́wọ́, kó rin, àmọ́ kó má kán. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ ti lè dà á sídìí ẹ̀fọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó ìwé náà fún aláàkàrà. Tàdáwà á lẹ̀ mọ́ àkàrà gbígbóná, orúkọ àti máàkì ọmọ ọlọ́mọ á sì máa káàkiri ọjà.