Èsì: Yìnyín ń yọ́ kó tó di ọ̀sán nínú firísà tó ti kú

Ẹ kú ọjà o, Ìyá Ẹlẹ́ja. Ẹ ní yìnyín tí ẹ fi ń tọ́jú ẹja nínú òkú firísà yín ń yọ́ kó tó di ọ̀sán, ẹ sì fẹ́ ra fóòmù tí ẹ máa fi wé e. Ẹ má tíì náwó sí fóòmù yẹn. Ẹnu ìdérí ni mo fura sí jù. Ẹ fi bébà há ibẹ̀, ẹ dé e, kí ẹ wá fa bébà náà. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ẹnu rẹ̀ ti kú nìyẹn, ibẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé.

Àmọ́ bí omi bá ti wọ inú ògiri rẹ̀, àtúnṣe yìí kò ní tó. Fóòmù tó mumi kì í dá ooru dúró mọ́. Ẹ wá òkú firísà míì, wọn kì í tà á wọ́n.

Bí inú ògiri rẹ̀ bá gbẹ:

1. Ẹ gé tíúbù ọkọ̀ àlòkù tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù tí àwọn aránbàtà ń lò lẹ̀ ẹ́ yí ẹnu rẹ̀ ká.

2. Fóòmù funfun inú páálí tẹlifíṣọ̀n (ẹ lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n), ẹ fi nylon nínípọn wé e, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ìdérí.

3. Ihò omi sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Òun ni kí ẹ máa gbà fa omi yìnyín tó yọ́ jáde. Ẹ má lu ògiri rárá! Páìpù gáàsì wà nínú rẹ̀.

Ẹ máa fa omi yìnyín dànù, kí ẹja má baà wà nínú omi. Kílò yìnyín 1 sí kílò ẹja 1 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ẹ máa tà láàárọ̀, ẹ kó o sínú kúlà kékeré, kí ẹ má baà máa ṣí firísà ńlá náà ní gbogbo ìgbà.