Mímú Ìyá Àgbà Lọ Wẹ Omi Gbígbóná ní Hot Springs

Ìbéèrè: Ìyá mi, tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ti Èkìtì wá kí wa ní Dallas. Mo fẹ́ mú wọn lọ sí ọgbà orílẹ̀-èdè Hot Springs ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Ṣé wọ́n lè wọ inú ìsun náà bíi ti Ìkógòsì? Kí ni kí a mú dání?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Wọn kò lè wọ inú ìsun náà, mo sì máa ń tètè sọ èyí fún àwọn tí mo bá ń ṣètò ìrìnàjò fún, kí ẹni tó mọ Ìkógòsì má baà débẹ̀ kí ojú rẹ̀ walẹ̀. Omi tó ń jáde lára òkè yẹn gbóná tó ìwọ̀n 62 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó sì lè bó ènìyàn lára. Òjò tó rọ̀ ní nǹkan bí 4,400 ọdún sẹ́yìn ló rọra wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ títí ó fi kan àpáta gbígbóná nísàlẹ̀, kí ó tó gba ibi tí àpáta ti là gòkè wá wéréwéré, tí kò fi ráyè tutù. Nínú ìsun 47 tó wà níbẹ̀, wọ́n ti bo èyí tó pọ̀ jù kí ìdọ̀tí má baà wọ̀ wọ́n, wọ́n sì fi páìpù fa omi wọn lọ sí àwọn ilé ìwẹ̀. Bí màmá bá kàn fẹ́ fọwọ́ kàn án, ẹ mú wọn lọ sí pápá Arlington, níbi tí omi náà ti ń ṣàn sínú adágún kékeré kan. Ìka ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi tọ́ ọ wò.

Ilé ìwẹ̀ Buckstaff, tó ti wà láti 1912, ṣì ń tẹ̀lé ìlànà àtijọ́. Òṣìṣẹ́ kan yóò fi aṣọ funfun wé màmá, yóò mú wọn wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀, yóò fi táwẹ̀lì gbígbóná bò wọ́n lára, lẹ́yìn náà ni àpótí oru, tó jẹ́ pé orí nìkan ni yóò yọ síta. Àjà obìnrin yàtọ̀ sí ti ọkùnrin, nítorí náà kò sí ìtìjú níbẹ̀. Àpótí oru yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ gba àṣẹ lẹ́nu dókítà wọn kí ẹ tó kúrò nílé, bí ó bá sì ní kí wọ́n má wọ̀ ọ́, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ náà. Ní ilé ìwẹ̀ Quapaw ẹ̀wẹ̀, adágún oríṣiríṣi ló wà tí gbígbóná wọn yàtọ̀ síra, tọkùnrin tobìnrin ló sì jọ ń wọ̀ wọ́n, torí náà aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ pọn dandan. Bó bá jẹ́ tèmi, Quapaw ni n óò mú wọn lọ, nítorí wọ́n lè dúró sínú èyí tí kò ju lọ́wọ́ọ́wọ́ lọ, kí wọ́n sì jáde nígbà tó bá wù wọ́n. Kí wọ́n rọra dìde o, kí òòyì má baà kọ́ wọn.

Wọn kì í gba owó ìwọlé nínú ọgbà náà, àmọ́ ẹ ó sanwó ìwẹ̀. Ẹ pe ilé ìwẹ̀ náà kí ẹ tó gbéra. Ẹ mú kẹ́ẹ̀gì òfìfo dání pẹ̀lú, nítorí ẹ̀rọ kan wà níwájú ọ́fíìsì ọgbà, ní Reserve Street, tí gbogbo ènìyàn ti ń pọn omi náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ṣeé mu, kò sì rùn bí imí ọjọ́. Kẹ́ẹ̀gì tó nípọn ni kí ẹ mú, torí gbígbóná omi náà lè ká ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò.