Compile kọjá, omi ṣì ń dà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní kóòdù yín kọjá compile (yíyí kóòdù padà sí èdè ẹ̀rọ) láìsí àṣìṣe kankan, síbẹ̀ pọ́ǹpù ò dúró nígbà tí táǹkì kún. Ẹ tún béèrè pé níbo ni main(), ibi tí ètò C++ ti ń bẹ̀rẹ̀, wọlẹ̀ sí nínú Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń darí pọ́ǹpù yín. Ìdáhùn kan ló wà fún méjèèjì.

Ó ti ṣe mí rí ní Tanke, níbí ní Ìlọrin. Ìyá onílé wa sá gbodo sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì. Mo ti so flóòtì (ohun tó ń léfòó láti sọ pé táǹkì ti kún) àti rílè (swíìṣì tó ń tan pọ́ǹpù tó sì ń pa á) mọ́ Uno mi, irú bọ́ọ̀dù Arduino kan, mo rí "Done compiling", ọkàn mi balẹ̀, mo jáde. Nígbà tí mo fi máa dé, omi ti ń ṣàn lára táǹkì, gbodo ti rin gbingbin, ìyá dúró tì í, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo ra òmíràn fún wọn, ṣùgbọ́n ó dùn mí gan-an.

Inú setup() ni mo kọ ìlà yìí, tó ń ka flóòtì ní pin 7, sí:

kun = digitalRead(7);

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni setup() ń ṣiṣẹ́, nígbà tí iná bá wọ bọ́ọ̀dù tàbí tí ẹ bá tẹ reset. Táǹkì ṣófo nígbà tí mo tan án, ohun tó rí nígbà yẹn ló dì mú títí omi fi dà. Mo gbé ìlà náà lọ sínú loop(), tó ń ṣiṣẹ́ léraléra, ṣáájú if tó ń pa pọ́ǹpù, ó sì tán.

main() wà, Arduino ló bá yín kọ ọ́: ó pe init() láti múra bọ́ọ̀dù sílẹ̀, ó pe setup() lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ló ń pe loop() láìdáwọ́dúró. Tí ẹ bá tẹ Verify, á fi Arduino.h sí orí iṣẹ́ yín, avr-gcc, irinṣẹ́ tó ń ṣe compile, á sọ ọ́ di èdè tí ATmega328P, ṣíìpù orí Uno, gbọ́, á di fáìlì .hex. Tí ẹ bá wá tẹ Upload, irinṣẹ́ tó ń jẹ́ avrdude á gbé e wọ inú 32 KB flash (ibi ìpamọ́ ètò) tó wà lórí Uno. Gírámà nìkan ni compile ń yẹ̀ wò. Kò mọ̀ pé táǹkì wà níbì kankan.

Ẹ má fi delay(60000), tó ń dá kóòdù dúró, sínú loop() o. Fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò ní wo flóòtì rárá. millis(), tó ń ka mílísẹ́kọ́ǹdù láti ìgbà tí bọ́ọ̀dù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́ sínú unsigned long, irú àyè tó gba nọ́ńbà ńlá. Tó bá jẹ́ int, irú àyè tó kéré sí i, 32,767 ni òpin rẹ̀ lórí Uno, kò tó ìṣẹ́jú àáyá 33 tí ìṣirò á fi dàrú.

Ní báyìí, ẹ kọ Serial.begin(9600) sínú setup(), ẹ kọ Serial.println(kun) sínú loop(), ẹ ṣí Serial Monitor, fèrèsé tó ń fi ohun tí bọ́ọ̀dù ń sọ hàn lórí kọ̀ǹpútà, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ gbé flóòtì sókè. Tí nọ́ńbà bá yí padà, kóòdù lẹ máa tún wò. Tí kò bá yí, ẹ yẹ wáyà àti pinMode (ìlà tó ń sọ bóyá pin ń gba àmì wọlé tàbí ó ń gbé e jáde) wò, kẹ́ ẹ wá kọ ohun tẹ́ ẹ rí síbí.