Kí ẹ tó lé alágogo yín

Àbúrò kan ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo wa níbí, béèrè ọ̀rọ̀ kan tó mú mi rántí ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu kan báyìí. Ó ní ẹni mẹ́sàn-án ni àwọn nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣeré, òde sì ń wọlé. Àmọ́ olórin wọn ti ní òun ò gba iye kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù mọ́, pé ojú òun ni aráyé ń wò kí wọ́n tó pe ẹgbẹ́. Kí owó tiẹ̀ lè gbé pẹ́ẹ́lí, wọ́n fẹ́ yọ ẹni méjì: ẹni tó ń lu agogo, àti ọ̀kan nínú àwọn elégbè. Ó ní kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí gba òun nímọ̀ràn.

Kò ṣẹlẹ̀ sí mi o. Èmi ni mo ṣe é.

Gángan ni mò ń lù. Ní 2007, èmi àti olórin kan tí a jọ dàgbà ní Òkè-Fíà kó ẹgbẹ́ jọ. Mọ́kànlá ni wá nígbà yẹn: olórin, elégbè mẹ́ta, onígìtá méjì, onídùùrù, onídírọ́ọ̀mù, oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, alágogo, èmi onígángan. Alágogo wa ti lé ní àádọ́ta ọdún. Táyà ló ń lẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkìrun, a máa ń rí dúdú táyà léèékánná rẹ̀ lórí agbádá òde. Kì í sọ̀rọ̀. Tí a bá ti to irinṣẹ́ tán, á lọ dúró lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ onídírọ́ọ̀mù, á dijú díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀: kon-kon-kolo, kon-kolo. Kon-kon-kolo, kon-kolo. Láti aago méjì ọ̀sán títí wọn á fi pa iná, kò ní yí i padà. Èmi tí mò ń ki Baálé, tí mò ń ki Ìyálọ́jà, tí òógùn bò mí, màá bojú wẹ̀yìn, màá rí i tó dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀, màá ní nínú ara mi pé: iṣẹ́ wo lèyí ń ṣe gan-an? Ọmọ ọdún méje lè lu nǹkan yìí.

Ní 2010, olórin wa fẹ́ ìyàwó kejì. Owó ò tó o mọ́. Ó ní ìpín mẹ́ta lòun fẹ́. A ṣírò títí, kò síbi tó ti máa jáde àfi kí ẹnì kan kúrò. Olórin kọ́ ló dárúkọ Bàbá Alágogo, èmi ni. Ohun tí mo sọ ni pé kí elégbè kan máa fi ọwọ́ lu agogo bó ṣe ń fi ẹnu gbe orin, ṣebí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo. Gbogbo wọn ní àrà mi dára. Ẹ̀rín la fi parí ìpàdé ọjọ́ náà.

Bàbá ò bá wa jà. Ó gbé agogo rẹ̀ lọ ilé, torí tirẹ̀ ni. A lọ ra tuntun ní Ọjà Ọba.

Òde tó tẹ̀ lé e, ìnáwó òkú àgbà ni, ní Ìkìrun. Orin kìíní lọ geere. Nínú orin kejì, ìgbà tí ègbè wọlé báyìí, ọwọ́ ọmọ tó ń lu agogo tẹ̀ lé ẹnu rẹ̀. Kò mọ̀. Ó fi ìró kan sílẹ̀, ó sì gbé e padà níbòmíràn. Onígìtá béèsì tẹ̀ lé agogo, onídírọ́ọ̀mù tẹ̀ lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Èmi rò pé onídírọ́ọ̀mù ló ń sáré, mo wá ń fi gángan pè é padà, gbàm-gbàm-gbàm. Olórin gbọ́ pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ, ó gbé ohùn sókè, ó tún sáré ju gbogbo wa lọ. Ìyá àgbà kan wà níwájú wa, lára àwọn ọmọ olóòkú, ó wọ léèsì funfun, ó ti yọ owó lọ́wọ́, ó ti ń jó bọ̀ wá bá wa. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń wá ilẹ̀, kò rí i. Ó gbé ọ̀tún, ó dá a dúró lókè, ó gbé òsì, kò bọ́ sí i. Ó wá dúró ṣánṣán, ó wo ojú mi, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ yìí, orin mélòó lẹ ń kọ lẹ́ẹ̀kan náà?”

Mo rí i bó ṣe ká owó náà mẹ́rin, tó fi í padà sínú pọ́ọ̀sì, tó pa pọ́ọ̀sì dé. Ìró pọ́ọ̀sì yẹn ṣì wà létí mi. Ohun tí wọ́n ná wa lọ́jọ́ yẹn ò tó owó epo jẹnẹrétọ̀.

Ó yẹ kí n ti mọ̀, torí ilé onílù ni wọ́n bí mi sí. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, kẹríkẹrì àti ìsáájú ń tẹ̀ lé e. Gúdúgúdú wà níbẹ̀, ìlù kékeré olójú kan tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn, tí wọ́n ń fi awọ méjì nà. Ohùn rẹ̀ kì í yí, kò lè pe orúkọ ẹnikẹ́ni, a ò sì í fún un lówó. Bàbá mi ò jẹ́ jáde láìsí i. Iṣẹ́ kan náà ni agogo ń ṣe nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa. Gángan ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ò sì í rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan. Tí mo bá jáde lọ ki ènìyàn, mo lè fa ohùn, mo lè já a, mo lè pẹ́ níta, torí mo mọ ilé tí màá padà sí. Agogo nilé náà. Ìgbà tí wọ́n wó o ni mo tó mọ̀ pé inú rẹ̀ ni mò ń sùn.

Olórin yín ní ojú òun ni aráyé ń wò. Kò purọ́. Èmi náà ò ní purọ́ fún yín pé ìpín gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ dọ́gba. Àwọn tó máa ń pa òwe fún wa pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọn kì í sọ iye tó kan àtàǹpàkò. Ṣùgbọ́n kí ẹ wo àwọn tó gbajúmọ̀ jù wá lọ. Àyìnlá Ọmọwúrà ò fi Adéwọlé Oníluọlá tó ń lùlù fún un pamọ́, ó ń pè é lórúkọ nínú àwo, títí dòní a kì í dárúkọ ọ̀kan ká má rántí ìkejì. King Sunny Adé ńkọ́? Ọmọ Oǹdó ni, àmọ́ Òṣogbo wa níbí ni wọ́n bí i sí ní 1946. Nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Démọ́lá Adépọ̀jù, tó ń ta gìtá kan tí wọ́n máa ń tẹ́ síwájú, tí wọ́n á máa fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀, tí ohùn rẹ̀ á máa fà bí ẹni ń kédàárò. Ọ̀pọ̀ tó jó sí ohùn yẹn ò mọ orúkọ rẹ̀. Ìgbà tí Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, ń ṣe àwo Graceland tó jáde ní 1986, gìtá ọkùnrin yìí ló fi sí i.

A lọ bẹ Bàbá. Ìdájí ọjọ́ Mọ́ńdè ni, ó ń bọ́ táyà dáńfó kan. A dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn. Kò sọ pé ká dìde, kò sọ pé ká má dìde, ó ń bá táyà rẹ̀ lọ. Nígbà tó pẹ́, ó béèrè pé:

“Agogo tẹ́ ẹ rà ńkọ́?”

Mo ní, “Ó wà ńlé, Bàbá.”

“Ṣé ó ń dún?”

Olórin wa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ló ní ká dìde. Ṣùgbọ́n kò padà wá. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ti mú un, wọ́n sì ń fún un lóúnjẹ tí wọ́n bá ti ṣe rìháásà tán, ohun tí àwa ò rántí ṣe rí. Ó ní òun máa kọ́ ọmọ òun obìnrin fún wa, oṣù mẹ́ta, a ó sì sanwó ẹ̀kọ́. A san án. Oṣù kìíní, kò jẹ́ kí ọmọ náà fọwọ́ kan agogo. Ó ní kó máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọgbà, kó máa fi ẹnu pè é, kí òun sì máa bá a sọ̀rọ̀ ọjà, ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwé, kó máa dá òun lóhùn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má yẹ̀. Ìgbà tí mo rí i ni ojú tì mí fún ti ọmọ ọdún méje tí mo sọ. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò nílé.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi kejì rèé, torí àbúrò yìí ò sọ ti onílù wọn, bóyá òun gan-an ni onílù. Mo máa ń fi gángan dá olórin lẹ́nu. Á wà lórí àdúrà, èmi á ti rí olówó kan tó ń wọlé, màá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní baba-ńlá rẹ̀. Olówó á yà bá mi, á lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, olórin á sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àdúrà lẹ́nu. Èmi ń pè é ní ọgbọ́n onílù. Òun ń pè é ní olè, kò sì jìnnà sí i. Òfin tí a ṣe ò ju ẹyọ kan lọ: tí ọ̀rọ̀ bá wà lẹ́nu olórin, gángan á dákẹ́ tàbí kó gbè é. Tó bá pa ẹnu dé, tèmi ni.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Ẹ má pín owó nínú bọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá ń ti òde bọ̀. Ó ti rẹ gbogbo yín, àwọn kan ti mutí, ẹnì kan á sọ̀rọ̀ àìdáa. Inú rìháásà ni kí ẹ ti kọ ìpín sínú ìwé, kí òde tó dé, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú. Tiwa rèé láti 2012, ìgbà tí a ti ku mẹ́sàn-án. Òde kan san 120,000 náírà. Bọ́ọ̀sì àti epo kó 24,000. A yọ 12,000 fún irinṣẹ́, torí awọ gángan mi ya lọ́jọ́ yẹn. Ó ku 84,000. Olórin gba ìpín méjì, èmi gba ìpín kan àbọ̀, àwọn méje yòókù gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìpín kan jẹ́ 8,000, olórin wá mú 16,000, èmi 12,000. Mo sì sọ fún wọn lójú ara wọn pé àbọ̀ mi yẹn kì í ṣe ti gángan: ti fóònù ni, torí èmi ni mò ń wá òde, èmi ni mò ń lọ bá olóde jà tó bá kọ̀ láti san ìyókù. Alágogo gba 8,000 bíi ti onígìtá. Onígìtá kùn díẹ̀. Mo ní kó lọ béèrè ní Ìkìrun.

Owó tí wọ́n bá ná olórin tàbí èmi, inú àpò kan ló ń lọ, ìdajì fún ẹni tí wọ́n ná, ìdajì fún gbogbo wa. Kí ẹni tó ń ṣa owó má jẹ́ ẹbí olórin. Tiwa tẹ́lẹ̀, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ má sì fọkàn tán owó yẹn mọ́. Abala 21 nínú Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 ti sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fọ́n náírà tàbí jó lé e lórí: ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Látìgbà tí wọ́n ti rán gbajúmọ̀ kan lẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀ ní 2024, àwọn olóde wa ti ń bẹ̀rù, àpòòwé ni wọ́n ń fà léni lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀. Iye tẹ́ ẹ bá bá olóde sọ ni kí ẹ fi ṣírò.

Ti elégbè tẹ́ ẹ fẹ́ yọ, mi ò lè sọ. Elégbè mẹ́ta máa ń pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kó jókòó sí rìháásà kan láìkọrin, kí ẹnì kan gbé fóònù lọ sẹ́nu géètì, kó gbà á sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ ò lè gbọ́ ara yín láti ibi tẹ́ ẹ dúró sí, pàápàá olórin, ohùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́. Ẹ ṣe ti alágogo náà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì ṣe é kí oṣù Ògún tó wọlé, torí tí ọdún Ọ̀ṣun bá ti dé, tí òde bá di méjì lóòjọ́, ẹ ò ní ráàyè bẹ ẹnikẹ́ni.

Tẹ́ ẹ bá sì gbọ́ ọ tán, tó ṣì wù yín kí alágogo yín máa lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kó wá rí mi ní Òkè-Fíà. Ọmọ Bàbá ń lọ ilé ọkọ ní Kérésì.