Ahun ń rèjò: kí ni “ó di ìgbà tí òun bá tẹ́” túmọ̀ sí?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Àbújá ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá mi ò jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Kubwa, ẹnì kan bi ẹ̀gbọ́n bàbá mi pé ìgbà wo ni wọ́n máa fi Àbújá sílẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n ní: “Ahun ń rèjò, wọ́n ní ìgbà wo ni yóò dé, ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́.” Gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó wọn. Èmi rò pé ẹní ni wọ́n fẹ́ tẹ́. Ṣé èpè ni àbí àwàdà? Ṣé èmi náà lè máa sọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹní kọ́ o. Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ ẹ̀bi yín kọ́. Tẹ́ tí a fi ń tẹ́ ẹní àti tẹ́ tí èèyàn ń tẹ́ láwùjọ, ohùn òkè kan náà ló wà lórí méjèèjì, ẹni tí kò gbọ́ òwe náà rí kò ní ibi tó máa fi dá a mọ̀. Èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá yín ń sọ ni pé kí àṣírí èèyàn tú, kí iyì rẹ̀ run, kí ọmọdé tó kúnlẹ̀ kí i lánàá máa nàka sí i lónìí. Yorùbá kì í fojú kékeré wo ìyẹn. Àwa náà la sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Ahun wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, àpò ń bẹ léjìká rẹ̀, wọ́n bi í ní ohun tí wọ́n ń bi gbogbo arìnrìn-àjò. Ó dáhùn bí ẹni ń dá ọjọ́ ọjà, pé nígbà tí ohun tó burú ju ikú bá bá òun tán, òun á padà wálé. Kò bínú, kò sunkún. Ó kàn dá ọjọ́ fún un ni.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà. Nínú àwọn àlọ́ tí mo mọ̀, irọ́ ni Ahun ń pa ṣáá: ó purọ́ fún Ajá, ó purọ́ fún ọba, ó purọ́ fún Yánníbo ìyàwó rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tó ti sọ òótọ́ nípa ara rẹ̀ nìyí, òótọ́ náà ò sì dá a dúró nílé.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọmọdé ló ni àlọ́. Alẹ́ la máa ń pa á, torí ẹni tó bá ń pàlọ́ lọ́sàn-án, oko rẹ̀ ńkọ́? Àgbà tí kò lè dúró dalẹ́ ló ń ká odindi àlọ́ kúrú, á sọ ọ́ di òwe, kó lè rí i pa lọ́sàn-án gangan níbi tó ti ń jẹ ìrẹsì. Ẹni tó mọ àlọ́ náà á rẹ́rìn-ín, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á máa wo ẹnu.

Àlọ́ tó wà lẹ́yìn òwe yìí, bí ẹ bá bi mí, ni ti Ahun nílé àna rẹ̀. Ahun lọ kí àna, ó bá wọn tí wọ́n ń se ẹ̀bẹ. Nígbà tí ojú dá, ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu ẹ̀bẹ tó ń hó sínú fìlà, ó sì dé e mórí. Ó ní ó yá, òun ń lọ. Àna ní rárá o, àwọn á sìn ín sọ́nà. Ẹ sáà wò ó: ẹ̀bẹ ń jó o lórí, epo ń kán sí i létí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹ padà o, ibi tí ẹ sìn mí dé tó.” Wọ́n ní ó ku díẹ̀. Wọ́n ń bi í nípa ilé, wọ́n ń bi í nípa oko. Nígbà tí fìlà máa fi ṣí, awọ orí ti bá a lọ. Bí orí Ahun ṣe pá nìyẹn, orí pípá yẹn ni ọmọdé sì ń rẹ́rìn-ín sí. Àgbà ń rẹ́rìn-ín sí àpọ́nlé tó ń sin olè sọ́nà títí tó fi bó lórí. Èmi ò tiẹ̀ gbà pé àna ò mọ̀. Ta ni kì í mọ òórùn ẹ̀bẹ ara rẹ̀?

Ti Ajá tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàn mú, àwọn ẹranko ṣèpàdé, wọ́n fẹnu kò pé kí kálukú pa ìyá rẹ̀ jẹ. Ajá gbé tirẹ̀ pamọ́ sọ́run, bí ebi bá pa á, á kọrin kí ìyá ta okùn sílẹ̀ kó lè gùn ún lọ jẹun: “Gbogbo ayé pa ìyá rẹ̀ jẹ, àlùjanjankíjan.” Orin yìí ni wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mi obìnrin ń kọ ọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, a há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Bẹ́gà. Ó dédé dákẹ́. Ó ní, “Mọ́mì, àwọn ìyá yẹn, ṣé wọ́n sè wọ́n ni àbí wọ́n sun wọ́n?” Mo ní kó máa kọrin rẹ̀ lọ.

Ahun náà kúkú jí orin yẹn kọ. Wọ́n gé okùn nígbà tó ti gùn ún dé agbede méjì, ó já lulẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́ yángá. Àjò mìíràn nìyẹn tó jẹ́ pé ìgbà tó tẹ́ ló dé.

Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé níbí ní tiwọn: aláǹtakùn ni, Gizo lorúkọ rẹ̀, Ƙoki sì ni ìyàwó rẹ̀. Bí iná bá ti lọ, mégáàdì àdúgbò wa á kó àwọn ọmọ jọ, á ní “Ga ta, ga ta nan”, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́ nìyẹn, á wá máa fi imú sọ̀rọ̀ bíi Gizo. Bí ẹ bá ti gbọ́ “Kungurus kan kusu”, ó parí. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá Gizo ti lọ síbì kan rí tó padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ rẹ̀. “Haba, Màdáámù!” ni gbogbo ohun tó sọ.

Ti èpè tí ẹ bi mí: àwàdà ni bí èèyàn bá fi ara rẹ̀ ṣe Ahun. Bí ẹ bá fi ẹlòmíràn ṣe é, pàápàá ẹni tó gbé báàgì dání ní páàkì, èpè ni wọ́n máa kà á sí, wọn ò sì ní jẹ̀bi. “Ọ̀nà á là o” la ń sọ fún arìnrìn-àjò. Láàárín ẹgbẹ́ yín, kò sí wàhálà. Lójú àgbà, ẹ fi “tótó ó ṣe bí òwe” ṣáájú, kí wọ́n lè dá yín lóhùn pé ẹ ó rí òmíràn pa, kí ó sì hàn pé ara yín lẹ ń sọ.

Ó wá ku ti ìyàwó wọn tí kò rẹ́rìn-ín, èmi ò sì rò pé òwe ni kò yé wọn. Ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá síbí. Mo mọ àwọn tó bá ilé iṣẹ́ ìjọba wá nígbà náà, ọdún méjì péré ni wọ́n sọ fún ìyàwó. Ọdún méjì náà ò tíì pé. Ẹ tún wo Yánníbo: kò rọ́mọ bí, babaláwo se àsèjẹ fún un, ọkọ rẹ̀ tó rán lọ gbà á ló jẹ ẹ́ lọ́nà, tí ikùn ọkọ wú. Gbogbo ibi tí Ahun bá sì ti lọ tẹ́, ilé Yánníbo ló ń padà sí pẹ̀lú orí bíbó. Kò sẹ́ni tó bi òun pé ìgbà wo ló fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ dé.

Ẹ bi ìyá yín yẹn fúnra wọn, nígbà tí ẹ bá ń bá wọn fọ abọ́. Ẹ má bi wọ́n lójú ẹ̀gbọ́n bàbá yín.